Ìbéèrè Méjì Ẹnu Ọ̀nà Àgbẹ̀dẹ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí ẹní, ilẹ̀ kò ní jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni ojú yín ti wà lára ẹ̀wù yunifọ́ọ̀mù funfun kékeré tí mo so mọ́ ìṣó lókè tẹlifíṣọ̀n yẹn, tí mo yí àyà rẹ̀ sí ògiri. Mo gbọ́ nígbà tí Fúnmi ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé Màmá ti ń gbàgbé nǹkan, pé aṣọ tó yẹ kó wà nínú àpótí ni mo gbé kọ́ sí pálọ̀ bíi kàlẹ́ńdà. N kò gbàgbé nǹkan kan. Mo mọ ẹni tó ni ín, mo mọ ẹni tó gbé e wá, mo sì mọ ìdí tí n kò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín Délé sì ni. Àmọ́ bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀wù náà, kò ní yé yín. Àgbẹ̀dẹ bàbá mi la máa gbà débẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, igbó gidi ló wà láàárín Ifọ̀ àti Ìbógùn. Abúlé wa kò ju ojúlé díẹ̀ lọ, àgbẹ̀dẹ bàbá mi sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, níbi tí ọ̀nà oko ti yà. Kódà àdúgbò Lotto ní Mówè tí a jókòó sí yìí, tí ìró ọkọ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, oko ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn ọkọ mi ni. Ẹ ò lè mọ bí ayé ṣe dákẹ́ tó nígbà yẹn. Bí ìyá mi bá ń gúnyán, ẹni tó wà lóko á ti mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀. Ẹwìrì bàbá mi ló ń jí mi láàárọ̀. Á máa mí sókè mí sódò bí àgbàlagbà tó sùn fọnfọn, lẹ́yìn náà owú á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ló gbé orúkọ rẹ̀ dé Ifọ̀. Òjé ló fi ń ṣe é. Á yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú lórí iná, á dà á sínú agolo tó ti fi ìṣó dá lu nídìí, òjé á sì máa kán sínú omi tútù inú garawa. Ìró rẹ̀ wà létí mi títí di òní, ṣìì, ṣìì, ṣìì, bí ìgbà tí obìnrin kan jókòó tó ń pòṣé láìdúró. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti kàn mí. Asẹ́ méjì ni bàbá mi fún mi. Ọta tó bá gba ihò asẹ́ àkọ́kọ́ jáde, ti ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn. Èyí tó bá gba ihò asẹ́ kejì, ti òyà àti ẹtu ni. Èyí tó bá kù sílẹ̀ tí kò lè kọjá, ti ìgalà àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni, ìdérí sì máa ń wà lórí ìkòkò tirẹ̀. Nígbà tó yá, n kò nílò asẹ́ mọ́. Kí n ṣáà ti fi ìka méjì yí ọta kan, mo ti mọ ìkòkò tó ń lọ. Ojú mi ti di bàìbàì báyìí, ṣùgbọ́n ìka kì í gbàgbé.

Kò sí ọdẹ tó lè wá sí àgbẹ̀dẹ wa kó kàn ní kí wọ́n wọn ọta fóun. Ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Bàbá mi á dá owú dúró, á bi í pé, "Kí lo fẹ́ pa?" Ọdẹ á dárúkọ ẹran kan. Bó bá ní àparò, èmi ni mo máa bu ọta kékeré fún un. Bó bá ní ìgalà, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ṣí ìkòkò ńlá. Ẹni tí kò bá dárúkọ ẹran kò gba ọta, ì báà jẹ́ àna bàbá mi. Bí ọdẹ bá sì ti igbó dé, ó di dandan kó tún wá dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, kí bàbá mi bi í ní ìbéèrè kejì: "Kí lo pa?" Wọn kì í fi ẹnu dáhùn ìyẹn. Ńṣe ni ọdẹ máa na nǹkan kan lára ẹran náà sí wa, ìyẹ́ ni o, ìrù ni o, tàbí egungun àgbọ̀n, a ó sì so ó mọ́ ìṣó lára ògiri. Bàbá mi máa ń sọ pé ọta kò mọ ẹni tó ń lọ bá, ẹni tó yìn ín ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó kúrò nílé.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀ o. Ọdẹ kan wà tó fẹ́ràn àṣejù. Ó dárúkọ ìgalà, ó gba ọta ńlá, kò rí ìgalà, ló bá fi yin ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà wa, ìrù nìkan ló rí nà jáde, torí ìyókù ti fọ́n ká sínú igbó. Bàbá mi so ìrù náà sí àárín àgbọ̀n ìgalà méjì, kò sì sí àlejò tí kò béèrè akọni tó pa á. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà ń gbà lọ oko lẹ́yìn ìyẹn, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi tutù.

Bí ọdún Ògún bá dé, iná àgbẹ̀dẹ á sinmi, n kò ní fọwọ́ kan asẹ́. Àwọn ọdẹ á yin ìbọn ṣakabùlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀tù lásán, kò sí ọta níbẹ̀. Àwa ọmọdé á dijú, a ó máa sọ pé ti lágbájá nìyẹn, ti làkáṣègbè nìyẹn, nítorí ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ohùn yìí wúlò ju eré lọ. Bí ìbọn bá dún nínú igbó, ìyá mi á dúró sójú kan nínú oko, á mọ ẹni tó yìn ín, á ké sí i, onítọ̀hún á sì dáhùn. Gbogbo wa la mọ ibi tí ewu wà. Ìbọn tí kò ní ohùn, a kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ayé yín yìí ni mo ti wá bá a.

Ẹ̀gbọ́n yín Délé, ọmọ tí àkọ́bí mi bí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́lé sí Ìbafò, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó ti ń wá ọkọ̀ Èkó. Kò pẹ́ tó kó wọlé tí àwọn kan gorí fẹ́ńsì wá tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ. Ó ra òmíràn. Wọ́n tún wá, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì. Àwọn ọmọ ilé kejì náà máa ń fò wọlé wá mú bọ́ọ̀lù wọn, Délé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ni wọ́n ń fi ojú ilé han olè. Ó bá bàbá wọn jà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí mi, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì lè jókòó pẹ́ kó tó dìde lọ wo géètì, bí ẹni pé ilé tèmi náà ni olè ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì yà sọ́dọ̀ mi, òun àti Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti Tómi ọmọ wọn, ó gbé fóònù síwájú mi. Ìbọn méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì.

"Màmá, ẹ bá mi yan ọ̀kan. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Kò lo ẹ̀tù, kì í pariwo. Èyí ni one-seven-seven, ọta ẹ̀ kéré, ó ń yára, ó sì ń lọ tààrà. Èyí ni twenty-two, ọta ẹ̀ tóbi, ó wúwo. Ohun tó bá bà, ó bà á nìyẹn."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. N kò mọ nọ́ńbà tó ń pè, ṣùgbọ́n mo mọ ìkòkò méjèèjì. Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ pa?"

"Ẹyẹ ni, Màmá. Àwọn ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa."

"Kékeré tó ẹyẹ."

"Kékeré tó o, àmọ́ twenty-two lágbára. Kéèyàn kúkú ra èyí tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo ló tún kù lẹ́yìn ẹyẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá kò rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ẹnu Délé dárúkọ ẹyẹ ṣùgbọ́n ọta ìgalà ni ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo ti rí irú ojú yẹn lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí pé ọmọ mi máa pa èèyàn.

Kò gbọ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n tún padà wá, ó ti ra ìbọn náà, ó di í sínú aṣọ, ó sì mú agolo ọta dání kí n lè rí i. Ẹni tó tà á fún un kò bi í ní nǹkan kan ju àdírẹ́sì ilé lọ. Mo ki ọwọ́ bọ agolo náà, mo yí ọ̀kan. Kò rí roboto bíi tiwa, ó fún pọ̀ láàárín, ìdí rẹ̀ sì ṣófo. Ṣùgbọ́n òjé ni, ọta ńlá sì ni. Mo tún bi í léèrè ohun tó fẹ́ pa.

Ó mí kanlẹ̀. "Màmá, kí n má parọ́ fún yín. Ohunkóhun tó bá gorí fẹ́ńsì mi wọlé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn, eyín mi ò tíì ká tán. Làísì ló sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni Làísì, ó tún ń ṣọdẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣe òun ní ibi. Wọ́n ń jí àgbàdo rẹ̀ ya lóko. Kò mọ̀ bóyá èèyàn ni, kò mọ̀ bóyá ọ̀bọ ni. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, bàbá mi bi í ní ìbéèrè, ó ní, "Ohunkóhun tó bá wọ oko mi."

Bàbá mi ní, "Ohunkóhun kì í ṣe ẹran. N kò ní ìkòkò tiẹ̀ níbí."

Làísì bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi gbé owú, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Làísì bá gba ọjà Ifọ̀ lọ, níbi tí ẹnìkan ti pàtẹ ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró ìbọn. Ìyá mi ń ká aṣọ nínú àgbàlá. Ó dúró, ó ní, "Ti Làísì nìyẹn." Ó ké pè é. Kò sí ìdáhùn. Ó tún ké pè é. N kò lè gbàgbé bí igbó ṣe dákẹ́.

Láàárọ̀, Làísì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gba ọta lọ́wọ́ wa, kò sí ohun tó mú un wá ní túláàsì, àmọ́ kò mọ ibòmíràn tó lè lọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí bàbá mi má bi í. Bàbá mi dá owú dúró. "Kí lo pa?" Làísì na ọwọ́. Ìdì ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti fi okùn so dáadáa bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń so ó, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ewé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wọ inú àgbàdo lọ já ẹ̀fọ́ tó fẹ́ sè fún un. Ẹni tó bá sọ òkò sínú ọjà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Bàbá mi gba ẹ̀fọ́ náà, kò so ó mọ́ ògiri. Ó da omi pa iná àgbẹ̀dẹ, a ò sì tún gbọ́ ẹwìrì títí oṣù fi lé.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Délé. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi sùúrù dá mi lóhùn, àfi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Màmá, igbó nìyẹn. Ìbafò nìyí. Mo mọ ibi tí mo ń yìn sí."

Mo ní, "Nígbà yẹn, igbó ló wà lẹ́yìn ẹran. Lónìí, wíńdò ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn gbogbo fẹ́ńsì. Igbó wa tó báyẹn, ọta Làísì ṣì rí ìyá rẹ̀. Ìbọn tìẹ kò tilẹ̀ ní dún ká lè ké pè ọ́." Mo fa agolo náà sábẹ́ ìró mi. "Máa gbé ìbọn ẹ lọ, èyí ò lọ."

Kò rí mi fín, kò rí mi fín rí láyé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ mú un, Màmá. Òmíràn wà nílé." Nígbà tí Bùkọ́lá kúnlẹ̀ láti kí mi pé ó dàbọ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú pẹ́.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kí Délé mọ́ kí n tó bi í. Bó bá ti gbé fóònù ni mo máa ń sọ pé, "Délé, kí lo fẹ́ pa?" Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ń sọ pé òun wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kò gbé e mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n láti Mówè dé Ìbafò ti jìnnà sí ẹsẹ̀ mi. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Bí ajá bá dákẹ́ ní àdúgbò, màá jí dìde jókòó.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, mo rí ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà yìí gan-an. Délé ni. Aṣọ ilé ló wọ̀, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé ìbọn náà sí abíyá, ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Ó dúró bí Làísì ṣe dúró. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò fẹ́ bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi ìkíní ló gbọ́dọ̀ bi ìkejì.

Mo ní, "Délé, kí lo pa?"

Ó na ọ̀rá náà sí mi. Mo fà á jáde, aṣọ ni. Ó kéré. Ọwọ́ mi kan bọ́tìnì, ó kan àpò tí wọ́n rán bájì ilé ìwé mọ́, lẹ́yìn náà ìka mi wọ inú ihò kan ní òkè àpò náà. Mo yí ìka níbẹ̀. Ọta ńlá ni.

Mo ní, "Tómi dà?"

Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Mo tún bi í. Ilé yìí dákẹ́ bí igbó ọjọ́ náà.

"Ó wà nílé ìwé, Màmá," ló sọ nígbẹ̀yìn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbà-á. "Ó ti lọ sílé ìwé. Kò sí nínú ẹ̀wù náà."

Ìrọ̀lẹ́ àná ni. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó wà lójú wíńdò ẹ̀yìn, ó rí nǹkan funfun kan tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ló bá yìn ín. Kò dún ju ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ lu ìrọ̀rí lọ. Nǹkan náà tún ń mì, ló bá ń wá ọta míì. Bùkọ́lá ló jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti ká aṣọ lórí okùn, kò sì mọ̀ pé wọ́n yin nǹkan kan, àfi ìgbà tó na ẹ̀wù náà sókè tí iná tọ́ọ̀ṣì gba àyà rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe òun ló yẹ kó jáde. Ó ti rán Tómi pé kó lọ ká aṣọ rẹ̀. Tómi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ó ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan.

Délé gbé ìbọn náà síwájú mi, ó ní òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ó wà lábẹ́ àpótí mi, ẹ má lọ wá a. Ó sunkún títí, n kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, torí ẹkún tó yẹ ni. Lẹ́yìn náà mo ní kó bá mi kan ìṣó mọ́ ògiri. Bàbá mi kò lè so ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ yẹn kọ́. Èmi lè so ẹ̀wù yìí, nítorí ẹni tó ni ín ṣì ń dàgbà.

Ẹ dìde wàyí, kí ẹni tó ga jù nínú yín yí àyà ẹ̀wù náà síta. Kí ẹ ki ìka bọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà, Fúnmi. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ yí i padà sí ògiri, torí Tómi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, a kò sì tíì sọ fún un. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Màmá Àgbà, ta ló ni ẹ̀wù tó jọ tèmi yìí?"

Mo ní kó lọ wá bàtà rẹ̀.